Yàrá Nọ́ọ̀sì Kọ́mfọ́ọ̀tì

Ní ọdún tó tẹ̀ lé èyí tí ìjọba ní kí gbogbo mọ́tò kúrò ní apá òsì, kí wọ́n máa gba apá ọ̀tún, nọ́ọ̀sì ni mí ní ilé ìwòsàn kan ní Ìlọrin. Àwọn ológun ló ń ṣèjọba. Ẹni tó bá fẹ́ ta ko ọ̀gá rẹ̀ nígbà náà á kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn rẹ̀ kó tó la ẹnu. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ aṣọ funfun ni mò ń kọ èyí fún, nítorí mo gbọ́ tí ọ̀kan nínú yín ń sọ pé inú rere ni ìjọba fi fún wa ní yàrá àwọn alátọ̀gbẹ. Kì í ṣe inú rere. A jà fún un ni. Mo sì fẹ́ sọ àwọn tó jà, nítorí orúkọ ẹnì kan ṣoṣo ni ìlú mọ̀, orúkọ náà kì í sì í ṣe tèmi.

Kọ́mfọ́ọ̀tì ni wọ́n mọ̀. Ọmọ Ọ̀mù-Àrán ni, tíṣà ni bàbá rẹ̀. Èmi Sìfáwù, ẹ̀yìn Ọjà-Ọba ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n bí bàbá mi sí. Ọjọ́ kan náà la bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo mọ abẹ́rẹ́ gún jù ú lọ, òun fúnra rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí aláìsàn bá wọlé, ojú rẹ̀ á fò mí kọjá, á ní, "Kọ́mfọ́ọ̀tì ńkọ́?" Mo jowú rẹ̀. Mo ṣì ń jowú rẹ̀ bí mo ṣe ń kọ èyí.

Àtọ̀gbẹ, tí àwọn míì ń pè ní ìtọ̀ ṣúgà, kì í ṣe àìsàn tí à ń wò kó sì lọ. Ẹni tó ní in àti nọ́ọ̀sì rẹ̀ á jọ darúgbó ni. Àárọ̀ Jímọ̀ ni wọ́n máa ń wá sọ́dọ̀ wa, ti àwọn ti ìtọ̀ wọn nínú ìgò. A ó da díẹ̀ sínú omi oògùn aláwọ̀ búlúù, a ó sè é lórí àtùpà kékeré. Bó bá dúró ní búlúù, ó dára. Bó bá di àwọ̀ ewé, a ó bá wọn sọ̀rọ̀ oúnjẹ. Bó bá pọ́n bíi bíríkì, ẹ̀rù á ba gbogbo wa. Inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ la ti ń ṣe gbogbo èyí, níbi tí tọmọdé tàgbà ń gbà kọjá.

Nígbà tó yá, wọn ò wá mọ́. Dókítà ní àgbo ló gbà wọ́n lọ́wọ́ wa. Mátírọ́ọ̀nù, ọ̀gá gbogbo àwa nọ́ọ̀sì, ní kò dá òun lójú. Ó ní kí èmi àti Kọ́mfọ́ọ̀tì lọ ṣèwádìí nílé àwọn tó ti dáwọ́ dúró, ká bi wọ́n léèrè, ká má bá wọn jà. Ó kọjú sí mi. "Sìfáwù, ọmọ ìlú ni ẹ́. Ìwọ ni wọ́n á sọ̀rọ̀ fún."

Inú mi dùn. Mo ní ọjọ́ tèmi dé.

Ilé Àáfáà Sálíù la kọ́kọ́ lọ, bàbá àgbàlagbà kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú. Ó mọ bàbá mi dáadáa.

"Sìfáwù ọmọ Yàhàyá! Bàbá ńkọ́? Ìyá ńkọ́? Àwọn ará ilé ńkọ́?"

"Alihamudulilai, Bàbá. Wọ́n ní ká wá wo ara yín ni. A ò rí yín ní Jímọ̀."

"Ara le koko. Ìnṣáálàhù, màá wá."

Bó ṣe sọ ọ́, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti parí. Mo wọlé lọ kí àwọn ìyàwó rẹ̀. Nígbà tí mo máa fi jáde, ó ti ń rojọ́ fún Kọ́mfọ́ọ̀tì bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ ti ìrìn àjò dé.

"Ọmọ mi, aṣọ ìrun ni mo máa ń wọ̀ wá, torí láti ọ̀dọ̀ yín ni mo ti ń lọ kírun Jímọ̀. Nínú èrò yẹn, ẹnì kan á gbún mi lápá, ìtọ̀ á ta sí mi láṣọ. Ìtọ̀ bá ti kan aṣọ, ìrun ti bàjẹ́ nìyẹn. Lọ́jọ́ kan, àna mi wà níbẹ̀, ó ń wo ìgò ọwọ́ mi. Ìgò ìtọ̀! Àna mi!"

"Bàbá, ẹ ò ṣe sọ fún Sìfáwù? Ó mọ̀ nípa ìrun jù mí lọ."

"Sìfáwù kẹ̀? Kó lọ sọ ọ́ nílé wọn? Ìwọ, ta lo mọ̀ nínú ìlú yìí tó o máa sọ ọ́ fún?"

Ó gbójú sókè, ó rí mi lẹ́nu ọ̀nà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní gbogbo ilé tí a tún dé. Wọ́n bá mi sọ̀rọ̀ ẹbí, wọ́n bá a sọ̀rọ̀ àìsàn. Nígbà tó yá, mi ò dúró kí wọ́n tó máa wúkọ́ mọ́. Bí a bá ti kí wọn tán, mo ti wọ inú ilé lọ bá àwọn obìnrin. Ọ̀nà tí mo gbà ran ìwádìí náà lọ́wọ́ nìyẹn: mo ń dìde kúrò níbẹ̀.

Èsì tí a mú padà kò le. Kì í ṣe àgbo. Ilẹ̀kùn ni wọn ò ní. Yàrá kan wà ní ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa tó ní ilẹ̀kùn, tó sì ní ẹ̀rọ omi nínú. Mátírọ́ọ̀nù ní ká gbà á. A ò tíì gbá a tán tí Àlàájì tó jẹ́ akọ̀wé àgbà ilé ìwòsàn fi àgádágodo sí i, ó ní ibẹ̀ lòún fẹ́ kó àga tuntun àwọn ọ̀gá sí. Kọ́mfọ́ọ̀tì lọ bẹ̀ ẹ́.

"Ìtọ̀ lẹ fẹ́ gba yàrá fún?" ni Àlàájì wí. "Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ò gba ìtọ̀ mọ́ ni?"

Ẹgbẹ́ àwa nọ́ọ̀sì ṣèpàdé. Àwọn kan ní ìyanṣẹ́lódì ló kù. Àwọn kan bi wọ́n pé ta ló máa gún àwọn bàbá yìí lábẹ́rẹ́ tí a bá yanṣẹ́ lódì. Ariwo sọ. Mo fẹnu sí Kọ́mfọ́ọ̀tì létí, mo ní, "Àlàájì náà ń wọ funfun lọ kírun. Ká gbé iṣẹ́ Jímọ̀ wa lọ sí ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì rẹ̀."

Ó fò dìde, ó sọ ọ́ sókè. Ìpàtẹ́wọ́ gba gbogbo ilé. Ó ń nawọ́ sí mi, ó ń pariwo pé, "Sìfáwù ló sọ ọ́ o! Sìfáwù ni!" Kò sẹ́ni tó gbọ́. Ì bá ti dára fún mi ká ní olè ọ̀rọ̀ ni Kọ́mfọ́ọ̀tì. Ǹ bá rí nǹkan kan kà sí i lọ́rùn.

Èmi ni mo lọ láti ilé dé ilé lọ kó àwọn aláìsàn jọ. Mi ò bi ẹnikẹ́ni nípa ara rẹ̀. Mo kàn ní, "Ẹ wá ní Jímọ̀. Aṣọ ìrun yín ni kí ẹ wọ̀." Ìyẹn, wọ́n lè gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ ìlú. Wọ́n sì wá, pẹ̀lú láwàní, pẹ̀lú ìgò.

A to tábìlì àti àtùpà sí ẹnu ọ̀nà akọ̀wé. Ó jáde síta nínú agbádá funfun tí wọ́n fi sítáàṣì lọ̀.

"Kí lẹ̀ ń ṣe níbí?"

"Iṣẹ́ ni, sà," ni Kọ́mfọ́ọ̀tì wí. "Ẹ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ gba ìtọ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà rèé."

Ó fẹ́ gba àárín wa kọjá. Ìgò kan mì lẹ́gbẹ̀ẹ́ apá rẹ̀. Ó fò sẹ́yìn.

"Ẹ rọra! Ẹ gbé e sẹ́yìn! Aṣọ ìrun ni mo wọ̀ yìí!"

Àáfáà Sálíù wo aṣọ ara rẹ̀ látòkè dé ilẹ̀, ó ní, "Àlàájì, àwa ńkọ́? Ṣé aṣọ oko la wọ̀ ni?"

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín, títí kan àwọn òṣìṣẹ́ tó ń tẹ̀wé fún akọ̀wé. Akọ̀wé wo àwọn ìgò, ó wo apá agbádá rẹ̀. Ó yọ kọ́kọ́rọ́ jáde lápò, ó na ọwọ́ tán pátápátá kó má bàa sún mọ́ wa. Èmi ni mo wà nítòsí. Èmi ni mo gbà á. Lẹ́yìn mi, gbogbo wọn ń ké, "Kọ́mfọ́ọ̀tì! Kọ́mfọ́ọ̀tì!" Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ mi, kò sí ojú kan lára mi.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi gbé Kọ́mfọ́ọ̀tì lọ sí abúlé kan tó jìnnà réré, wọ́n ní ó ń dá rúkèrúdò sílẹ̀. Ó sunkún lé mi léjìká. "Sìfá, orí bá ẹ ṣe é. Wọn ò fọwọ́ kàn ẹ́." Mò ń fọwọ́ pa á lẹ́yìn, mo ń bẹ̀ ẹ́, ohun tó sì wà lọ́kàn mi ni pé wọn ò mọ̀ mí débi tí wọ́n á fi jẹ mí níyà. Mo jowú ìyà rẹ̀ pàápàá.

Ohun tí a rí gbà: ilẹ̀kùn, ẹ̀rọ omi, àti àwọn bàbá tó padà wá. Àáfáà Sálíù bá wa lò ó pẹ́ kó tó kú. Ohun tí a pàdánù: Kọ́mfọ́ọ̀tì, tí kò padà sí Ìlọrin mọ́. Gbèsè tó kù sì wà lọ́rùn yín báyìí. Àwọn tó dáwọ́ dúró ni wọ́n rán wa sí, ọkùnrin ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Àwọn obìnrin tí mo ń bá nínú ilé, tó jẹ́ pé bí mo ṣe ń kí wọn ni àwọn míì ń bu omi mu, tí wọ́n tún ń bu omíràn, bí òùngbẹ àtọ̀gbẹ ṣe máa ń ṣe ènìyàn, ta ló bi wọ́n ní nǹkan kan? Títí di òní, díẹ̀ nínú irú wọn ló ń dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹ lọ bi wọ́n. Ẹ mú ẹni tí kì í ṣe ọmọ ìlú dání, kí ọmọ ìlú sì mọ ìgbà tó yẹ kó dìde.

Yàrá Nọ́ọ̀sì Kọ́mfọ́ọ̀tì ni ìlú ń pe ibẹ̀. Ẹni tó bá sì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, orúkọ yẹn ni wọ́n máa ń pè é. Ó pẹ́ tí mo ti ń tún un ṣe fún wọn: "Sìfáwù ni mo ń jẹ́, Bàbá. Sìfáwù, Ìyá." Wọ́n á ní, "Ẹ má bínú, Nọ́ọ̀sì Kọ́mfọ́ọ̀tì."

Ní Jímọ̀ tó kọjá, ìyá kan tí mi ò rí rí dúró síta, ó fi ìborùn bo ìgò ọwọ́ rẹ̀, ó ń wo ọ̀tún wo òsì.

"Ẹ jọ̀ọ́, Nọ́ọ̀sì Kọ́mfọ́ọ̀tì ni mo ń wá."

Mo gba ìgò náà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Èmi nìyí, Ìyá. Ẹ wọlé, kí ẹ ti ilẹ̀kùn."