Ọjọ́ Tí Ràjí Aláwàdà Dọ̀bálẹ̀ Lórí Tẹlifíṣọ̀n

Títí n ó fi wọ káà ilẹ̀, n kò ní gbàgbé ọjọ́ tí Ràjí aláwàdà, ọ̀rẹ́ mi, kọ́kọ́ ṣe atọ́kùn ètò ìfọ̀rọ̀wérọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n. Ọdún mẹ́wàá ni ọmọlúàbí yìí fi sín ìhanrun ìyá ìyàwó rẹ̀ jẹ fún wa ní gbàgede Ẹnuwà.

A péjọ sílé mi ní Ìlàrè, à ń wò ó. Ó de táì bí gómìnà, ó ní kí àlejò tí àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n náà kò jẹ́ kó mọ̀ tẹ́lẹ̀ wọlé. Ìyá ìyàwó rẹ̀ ló wọlé!

"Ọkọ ọmọ mi, báwo ni mo ṣe ń hanrun?"

Ràjí dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ foríjì mí, Màmá. Ẹ má gba ìyàwó mi lọ́wọ́ mi."

"N kò tíì ní kí o dìde o."

Màmá gba gbohùngbohùn, wọ́n ṣe ètò náà parí. Ìpàkọ́ atọ́kùn nìkan la rí. Bí ẹni tó fi ọdún mẹ́wàá sọ̀rọ̀ ṣe di ìlúmọ̀ọ́ká nìyẹn, lọ́jọ́ tó dákẹ́.