Háátì Ọ̀gá Wa

Kí ọ̀gá wa àtijọ́ tó pe irú káàdì tó fẹ́ kó jọba, á yọ dígí ojú rẹ̀, á fi etí bùbá nù ún, á wá wúkọ́. Ó ti fẹ̀yìn tì nílé ẹ̀kọ́ wa ní Ìfàkì, ṣùgbọ́n ìgbéraga rẹ̀ kò fẹ̀yìn tì. Ní kíláàbù àwa olùkọ́, búríìjì, eré káàdì tí ẹni méjì fi ń bá ẹni méjì díje, nìkan ló tó o ta. Á ní, "Eré ọlọ́pọlọ ni," láti imú bí òyìnbó.

Lọ́jọ́ tí a bá àwọn ará Ọ̀yẹ́ du ife, èmi ni ẹnì kejì rẹ̀. Mo bi í ṣáájú: "Ọ̀gá, bí mo bá pe nótírọ́ǹpù, pé kí irú kankan má jọba, tí ẹ pe háátì, ṣé háátì lẹ ní, àbí àmì ni, kí n yí i sí sípéèdì tí ẹ ní gan-an?"

"Ọlọ́gbọ́n kì í bá ọlọ́gbọ́n ṣàdéhùn."

Mo pe nótírọ́ǹpù, ó pe háátì, mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Sípéèdì ló kún ọwọ́ rẹ̀! A fìdí rẹmi.

"Ọmọ yunifásítì! O ò mọ̀ pé kí o yí i?"

Nígbà tí wọ́n pín káàdì ìkẹyìn, mo tún pe nótírọ́ǹpù, ó tún pe háátì. Mo yí i. Háátì márùn-ún ló ní lọ́tẹ̀ yìí, sípéèdì kan péré. Ará Ọ̀yẹ́ gbé ife lọ.

Imú rẹ̀ gbàgbé òyìnbó, ó bọ́ sí èdè Ìfàkì. "Máa lọ ulé! Ta ló ní kí o yí i?"

Ọ̀rọ̀ náà rí mi lára. Lọ́sẹ̀ kejì, mo bá a níbi tó ti ń sọ fún olùkọ́ tuntun kan tó fẹ́ fi rọ́pò mi nídìí káàdì pé olórí kunkun ni mí. Olùkọ́ náà bi í pé, "Ọ̀gá, kí wá ni àdéhùn tiwa?"

Ó yọ dígí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nù ún.