Orí Koríko Ni À Ń Dúró Sí

Ọkọ̀ akólẹ̀ ni ọkùnrin yìí ń wà láti ìdájí títí oòrùn á fi yí, ọkọ̀ gbàǹgbà tó ń dúró lẹ́nu ilé dé ẹnu ilé láti kó ìdọ̀tí. Gbogbo ayé ló ń yà á sílẹ̀. Àwọn mìíràn á fọn fèrè mọ́ ọn, wọ́n á wò ó bí ẹni pé òun ló bí ìdọ̀tí náà. Kì í fèsì. Ẹ̀gbọ́n Rọra ni àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ń pè é, nítorí “rọra” ló máa ń kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀ bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ kánjú.

Tó bá di ìrọ̀lẹ́ Sátidé, tó ti wẹ òórùn iṣẹ́ kúrò lára, á wọ yàrá kékeré tí ìyàwó rẹ̀ ti ń lọ aṣọ, á de sitiárìn mọ́ etí tábìlì, á tan kọ̀ǹpútà, á sì máa bá àwọn ẹlòmíràn díje lórí íńtánẹ́ẹ̀tì nínú eré ọkọ̀ sísá. Ìyàwó rẹ̀ ní ó jọ ẹja tó jáde nínú odò tó ní kí wọ́n bu omi wá fún òun. Òun náà á rẹ́rìn-ín. Ohun tí kò sọ fún un ni pé kì í ṣe eré yẹn gan-an lòun ń lé. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, tó ń gbé níbi tó jìnnà, wà nínú ẹgbẹ́ tó ń ṣe eré náà. Wákàtí yẹn nìkan ni àwọn méjèèjì fi ń gbọ́ ohùn ara wọn láàárín ọ̀sẹ̀.

Ẹgbẹ́ náà kì í fi ìwà ṣeré. Bí o bá kọlu ẹnì kan tí ọkọ̀ rẹ̀ sì yí, o kò gbọdọ̀ fi jẹ èrè: wàá dúró dè é títí á fi padà sí iwájú rẹ. Ẹni tí ẹ̀bi rẹ̀ bá pọ̀ jù, wọ́n á sọ ọ́ sí ìsọ̀rí kejì. Ẹ̀bi kan ṣoṣo péré ló kù kí wọ́n sọ Ẹ̀gbọ́n Rọra síbẹ̀. Ọ̀sán Ọjọ́rú ni ìsọ̀rí kejì sì ń díje, nígbà tí òun á ṣì wà nídìí ọkọ̀ akólẹ̀.

Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, ó rẹ̀ ẹ́ dé mùdùnmúdùn eegun. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń gbé ìdọ̀tí sọ́kọ̀ kò wá síbi iṣẹ́, òun ló sì ń sọ̀ kalẹ̀ bá wọn gbé e. Ojú rẹ̀ ń pa dé níwájú kọ̀ǹpútà. Nígbà tó dé kọ́nà kan tó ká bí ìwọ̀, ó pẹ́ kó tó tẹ bíréèkì, ló bá fi orí ọkọ̀ gbá ìdí ọkọ̀ obìnrin kan tí gbogbo wọn ń fi iṣẹ́ rẹ̀ pè ní Nọ́ọ̀sì. Ọkọ̀ Nọ́ọ̀sì pòòyì, ó kọjú sẹ́yìn. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni Ẹ̀gbọ́n Rọra dúró dè é, bí ọmọlúàbí. Àmọ́ àárín ọ̀nà gan-an ló dúró sí, bó ṣe ń dúró sẹ́nu ilé onílé látàárọ̀. Kò tilẹ̀ ronú pé ẹni tó bá ń bọ̀ lẹ́yìn kọ́nà kò lè rí òun.

Àbúrò rẹ̀ ló ń bọ̀. Ó ya kọ́nà náà tòun ti eré, ó sì lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bí ẹni bá ògiri. Ọkọ̀ méjèèjì run.

Nígbà tí ìdíje parí, wọ́n ń dúró de Tíṣà, olùkọ́ àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń ṣe ìdájọ́ fún ẹgbẹ́ náà. Àbúrò ti rí i pé àwọn méjì nìkan ló wà lórí ìlà.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣáà sọ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló ń fà. Ta ni kì í fà fún? Wọn ò ní bi yín ní ìbéèrè kejì.”

“O ò bínú sí mi?”

“Ìbínú wo? Bí wọ́n bá sọ yín sí ìsọ̀rí kejì, ta ni mo fẹ́ máa bá sọ̀rọ̀ ní Sátidé?”

Irọ́ náà rọrùn. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì a máa fà lóòótọ́, ọkọ̀ a sì máa fara hàn níbi tí kò sí. Nígbà tí Tíṣà àti Nọ́ọ̀sì dé orí ìlà, Nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ ní bóyá nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, nítorí èèyàn jẹ́jẹ́ ni. “Bẹ́ẹ̀ ni” kan péré ló kù. Ẹ̀gbọ́n Rọra wo ọwọ́ ara rẹ̀ lórí sitiárìn. Ó rántí àwọn tó máa ń já wọ iwájú rẹ̀ ní títì, bí wọ́n ṣe máa ń rí nǹkan dá lẹ́bi nígbà gbogbo.

“Tíṣà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò fà. Ó rẹ̀ mí ni. Mo gbá Nọ́ọ̀sì, mo tún wá lọ dúró sáàárín ọ̀nà bí ẹni tó ń kólẹ̀.”

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. Tíṣà mí kanlẹ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ẹ̀gbọ́n Rọra, ó ní dídúró náà dára, àmọ́ orí koríko ni à ń dúró sí, níbi tí ẹni tó ń bọ̀ kò ti ní fi orí gbá ìwà rere wa. Ó ní Ẹ̀gbọ́n Rọra ló jẹ̀bi, ó sì sọ ọ́ sí ìsọ̀rí kejì. Àbúrò kàn kúrò lórí ìlà.

Odidi ọ̀sẹ̀ kọjá, kò pè. Ẹ̀gbọ́n náà kò pè é, nítorí kò mọ ohun tí ènìyàn ń bá àbúrò rẹ̀ sọ láìsí ọkọ̀ láàárín wọn.

Ní Sátidé kejì, kò de sitiárìn mọ́ tábìlì. Ó kàn tan kọ̀ǹpútà láti wòran. Ní kọ́nà ìjọsí, ó rí i tí àbúrò rẹ̀ gbá ẹnì kan tó wà níwájú rẹ̀. Ó rí i tí àbúrò náà rọra yà sórí koríko, ó dúró níbẹ̀, ẹni tó gbá kọjá, àwọn tó wà lẹ́yìn náà kọjá, títí ó fi di ẹni ìkẹyìn.

Ìdíje kò tíì tutù tí fóònù fi dún.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ rí ibi tí mo dúró sí?”

“Mo rí i. O ṣeun.”

Àbúrò bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn eré náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ìyàwó wọlé wá lọ aṣọ, ó bá ọkọ rẹ̀ tó ti sùn lọ fọnfọn lórí àga, fóònù ṣì wà létí rẹ̀, ohùn àbúrò sì ń lọ nínú rẹ̀. Kò jí i. Ó gbé aṣọ tó fẹ́ lọ̀ jáde, ó sì rọra fa ilẹ̀kùn dé.