Wákàtí Mẹ́ta Níbi Ibojì Funfun

Ohun kan ṣoṣo ni màámi ní kí n bá àwọn ṣe ní Íńdíà. Wọn ò ní kí n ra aṣọ, wọn ò ní kí n ra góòlù. Ẹní ìkírun àti tẹ̀súbáà ni wọ́n ń tà ní Ọjà Akẹ̀sán, ní Ọ̀yọ́. Ìsọ̀ wọn ni wọ́n jókòó sí tí wọ́n fi gbọ́ ọ lẹ́nu ààfáà kan pé obìnrin tí wọ́n sin sínú ibojì funfun ní ìlú Agra, orí ìkúnlẹ̀ ló kú sí. Ọmọ ló ń bí. Ọba tó jẹ́ ọkọ rẹ̀ ló kọ́ ilé ńlá yẹn lé e lórí.

"Bó o bá ráàyè débẹ̀," ni wọ́n wí fún mi lórí fóònù, "dúró ti sàárè rẹ̀, kó o ka Fátíhà fún un. Kó o wá ka ọ̀kan mọ́ ọn fún ẹ̀gbọ́n rẹ."

Ọ̀nà kan náà ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin gbà lọ. Ògbómọ̀ṣọ́ ni ilé ọkọ rẹ̀ wà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo sì gbé lọ́dún tí mo kọ́kọ́ wọ yunifásítì, kí n tó rí yàrá gbà ní Under G, àdúgbò àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ìdánwò ni mo ń ṣe lọ́jọ́ tó kú. Wọ́n ti gba fóònù wa lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn, ìwé méjì ni mo sì ní lọ́jọ́ náà, kò sí ẹni tó lè wọlé wá pè mí. Ìgbà tí mo fi jáde, wọ́n ti kírun sí i lára, wọ́n ti sin ín. Nítorí náà, mi ò lè sọ fún màámi pé ọ̀nà jìn.

Másítáàsì ni mo ń ṣe ní àríwá Íńdíà nígbà náà. A gba ìsinmi ọjọ́ mélòó kan, mo gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn, mo sùn ní Delhi, mo wọ ọkọ̀ ojú irin aago mẹ́fà àárọ̀. Aago mẹ́sàn-án ó lé díẹ̀ ló yẹ ká dé Agra. Aago méje ìrọ̀lẹ́ ni ọkọ̀ tí màá bá padà, torí mo ní iṣẹ́ ní láàbù lọ́jọ́ kejì.

Ẹ jẹ́ kí n to ẹ̀ṣẹ̀ ọkọ̀ yẹn bó ṣe ṣẹ̀. Ibùsùn mẹ́ta-mẹ́ta ló wà lórí ara wọn nínú ọkọ̀ náà. Ti ìsàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ni mo sanwó fún, nọ́ńbà rẹ̀ sì wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì mi. Èèyàn márùn-ún ni mo bá lórí rẹ̀, pẹ̀lú garawa oúnjẹ kan. Mo na tíkẹ́ẹ̀tì sí wọn. Ọkùnrin onírunmú kan rẹ́rìn-ín sí mi, ó ní, "Brother, adjust." Ọ̀rọ̀ yẹn ni wọ́n fi ń pa èèyàn lẹ́nu mọ́ níbẹ̀, bí awakọ̀ tiwa náà ṣe máa ń ní "ẹ súnra díẹ̀" kó tó fún ẹni kẹrin mọ́ ìjókòó ẹni mẹ́ta. Òkè pátápátá ni wọ́n tọ́ka sí fún mi. Mo gùn ún. Kò pẹ́ tí ẹnì kan ṣí ibùsùn àárín tí wọ́n ká mọ́ ògiri, ó sùn lọ. Òfin wọn ni pé wọn kì í ṣí ibùsùn àárín lójú ọ̀sán. Mo kà á, mo sì sọ ọ́. Ọkùnrin onírunmú tún rẹ́rìn-ín.

Àjà ọkọ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí imú mi. Mi ò lè jókòó, wọ́n sì ti di ẹrù dí àtẹ̀gùn tí mo fi gòkè. Báàgì mi ni mo fi ṣe ìrọ̀rí, fáànù ń da eruku sí mi lójú. Gbogbo Íńdíà tí mo rí láàárọ̀ ọjọ́ yẹn kò ju àtẹ́lẹsẹ̀ ẹni tó sùn sí òdìkejì lọ. Ọkọ̀ dúró sáàárín oko fún wákàtí mẹ́ta. Kò sẹ́ni tó sọ ìdí. Ó kù díẹ̀ kí aago kan lù nígbà tá a dé.

Tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ń wọ ọgbà ibojì náà, wákàtí mẹ́ta péré ló ní. Aago méjì ni mo wọlé. Mo fi ọkàn sí i pé ààbọ̀ wákàtí á tó mi dé ìdí sàárè, kí n wá fi ìyókù wòran.

Ìyá àgbà kan tó wé aṣọ yẹ́lò mọ́rí fọwọ́ kàn mí lápá. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin dúró tì í pẹ̀lú fóònù. Fọ́tò ni wọ́n ń fẹ́ bá mi yà, torí wọn kì í sábà rí èèyàn dúdú bíi tèmi. Èmi tí wọ́n tọ́ l'Ọ́yọ̀ọ́, mo ṣe bí mo ṣe máa ń kí àgbà: mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo fọwọ́ kan ilẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀. Mi ò mọ̀ pé kò sí ìkíni tó dùn mọ́ wọn tó bẹ́ẹ̀, àwọn náà a máa fọwọ́ kan ẹsẹ̀ àgbà. Ariwo sọ. Ọmọ ìyá náà ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un ṣe, kò wọnú fídíò."

Mo tún un ṣe. Ibẹ̀ ni mo ti há.

Ọkọ ìyàwó dé pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀. Tíṣà kan to ọmọ iléèwé rẹ̀ sẹ́yìn mi. Wọ́n gbé ọmọ ọwọ́ lé mi lọ́wọ́, ọmọ fi igbe ta. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan fọwọ́ ra irun orí mi.

"Ṣé kíríkẹ́ẹ̀tì lẹ̀ ń gbá?"

"Rárá."

"Ẹ jọ ẹni tó ń gbá a."

Bí mo bá kọ̀ fún ọ̀dọ́, wọ́n á lọ fa ìyá wọn wá, wọ́n ti mọ ibi tó ti ń dùn mí. Ẹnu mi ò sì gbà á láti wí fún àgbà pé rárá. Mò ń rẹ́rìn-ín. Ilé funfun náà wà lẹ́yìn mi ní gbogbo àkókò yẹn. Ojú fóònù wọn ni mo ti ń rí i.

Nígbà tí mo wo aago, ó ku ogún ìṣẹ́jú. Mo sáré. Mo bọ́ bàtà, mo tò, mo wọlé. Inú ṣókùnkùn, wọn kì í ya fọ́tò níbẹ̀, ó sì tù mí lára. Àmọ́ ẹ̀ṣọ́ kan ń fun fèrè, ó ń ti gbogbo wa síwájú bí àgùntàn. Sàárè tá à ń wò gan-an, wọ́n ní àfijọ lásán ni, òkú ò sí nínú rẹ̀. Èyí tó jẹ́ òótọ́ wà nísàlẹ̀, wọ́n ti tì í pa. Mo bẹ̀rẹ̀ Fátíhà. Mo kà á dé ìdajì, ẹ̀ṣọ́ fọwọ́ ti èjìká mi. Ìgbà tí mo fi yíjú padà, ìta ni mo wà.

Mo jókòó nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ń kó bàtà sí. Mo tẹ́wọ́, mo tún un bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀kan fún ayaba, ọ̀kan fún ẹ̀gbọ́n mi. Mo gbójú sókè, mo rí ọmọ ìyá aláṣọ yẹ́lò tó tún gbé fóònù sí mi. Ìyá rẹ̀ gbá a lọ́wọ́. Ó jókòó tì mí, ó tẹ́wọ́ bí tèmi, ó dúró títí mo fi parí. Nígbà tí mo fọwọ́ ra ojú, òun náà fọwọ́ ra ojú.

Nínú ọkọ̀ aago méje, wọ́n tún ti jókòó lé ibùsùn mi. Mi ò bá wọn jà. Mo gùn lọ sókè, mo dùbúlẹ̀ lábẹ́ àjà, mo pe Ọ̀yọ́.

"Ṣé o débẹ̀?"

"Mo débẹ̀, màámi. Wọn ò jẹ́ kí n dúró. Ìta ni mo ti parí ẹ̀, níbi tí wọ́n ń kó bàtà sí."

Mo ti to gbogbo ẹjọ́ tí mo fẹ́ rò fún wọn: ọkọ̀, ibùsùn, fọ́tò, ẹ̀ṣọ́. Wọn ò béèrè ọ̀kankan.

"Ta ló ṣe àmín sí i?"

"Ìyá àgbà kan ni. Kò gbọ́ ohun tí mò ń kà."

"Ṣé ó dúró tì ọ́ títí o fi parí?"

"Ó dúró."

"Ó ti tó," ni wọ́n wí. "Ìta náà la ti kírun sí ẹ̀gbọ́n rẹ lára."