Ìdájọ́ Ferris Lọ́jọ́ Ayò Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n

Ferris Haldane, onígbàjámọ̀ ìlú Tabor Falls, kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó ń gé irun àwọn arúgbó lọ́fẹ̀ẹ́, kì í sì í mutí. Owú ló bà á jẹ́. Òjòwú kò sì lẹ́ran láyà, bó ti wù kí Leona ìyàwó rẹ̀ se ẹran ẹlẹ́dẹ̀ àti ọ̀dùnkún fún un tó.

Ní 1929, Ferris fi iṣẹ́ bésíbọ́ọ̀lù, eré fífi igi gbá bọ́ọ̀lù, jẹun nínú ẹgbẹ́ ìlú náà. Ìdíje ọ̀kàndínlógún léra-léra ló fi gbá bọ́ọ̀lù tó mọ́yán lórí, kò fo ọ̀kan. Kò sẹ́ni tó tún ṣe irú rẹ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni orúnkún rẹ̀ yẹ̀, eré sì parí.

Ní 1952, òun ló ń jókòó sókè nínú yàrá onípákó, tó ń kọ ìwé ìdíje. Bí ẹnì kan bá gbá bọ́ọ̀lù tó sì sáré yege, Ferris ni yóò sọ bóyá gbígbá rẹ̀ ló dáa, tàbí ẹni tó yẹ kó mú bọ́ọ̀lù ló ṣàṣìṣe, tí wọn kò sì ní ka gbígbá náà fún ẹni tó gbá a. Bó bá ti sọ ọ́, abẹ gé e.

Ọdún yẹn ni Dewitt Pruett dé sínú ẹgbẹ́ náà láti Oklahoma, ọmọ ogún ọdún, ẹlẹ́rìn-ín. Kí oṣù keje tó parí, òun náà ti gbá a yege nínú ìdíje ọ̀kàndínlógún léra-léra. Ferris kò lè sùn mọ́.

“Kí ló ń pa á lẹ́rìn-ín gan-an?” ló bi Leona.

“Ferris, ọmọ ọlọ́mọ ń rẹ́rìn-ín ni, kò jí ajá ẹ.”

Lọ́sàn-án ọjọ́ ìdíje ogún, èyí tí Pruett ì bá fi ta Ferris yọ, ẹgbẹ́ ìlú Dunmore wá, ojú wọn sì rí màbo. Tabor Falls na wọ́n ní ayò mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n sí ẹyọ kan. Gbogbo ènìyàn ló gbá a, àtàwọn tí kì í rí bọ́ọ̀lù bá rárá. Pruett nìkan ni kò rí i ṣe. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló gbá a, ẹ̀ẹ̀mẹrin ló bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn. Ferris ń jẹ ẹ̀pà rẹ̀, inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn.

Ìgbà karùn-ún, tó jẹ́ àṣekágbá, Pruett gbá bọ́ọ̀lù kan bí ìbọn. Ará Dunmore kan, tó ti rẹ̀ láti ọ̀sán, na ọwọ́ sí i. Bọ́ọ̀lù gba orí ìka rẹ̀ kọjá. Kò sí ẹni tí ì bá mú un láyé. Ferris mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó ń kéde pè é lórí tẹlifóònù. “Ferris, kí la pè é?”

“Àṣìṣe.”

“Ṣé ojú ẹ ṣì ń ríran báyìí? Ọwọ́ ọmọ Dunmore yẹn ì bá kán!”

“Àṣìṣe ni mo wí!”

Àwọn èrò hó lé e lórí. Òfin fún un títí di ọ̀sán ọjọ́ kejì láti yí i padà, ṣùgbọ́n kò yí i.

Láàárọ̀, Pruett gbé àpò rẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù.

“Ẹ kú àárọ̀, ọ̀gá. Ẹ bá mi fá irùngbọ̀n. Wọ́n ti pè mí sí ẹgbẹ́ tó jù yìí lọ, ọkọ̀ ojú irin aago mọ́kànlá ni mo máa wọ̀.”

Ferris bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n abẹ. “Ọ̀rọ̀ àná ńkọ́? Ṣé inú ò bí ẹ?”

“Ó dùn mí díẹ̀. Àmọ́ ayò mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, ọ̀gá! Ta ló ráyè bínú?” Ó rẹ́rìn-ín. “Wọ́n ní ẹnì kan ti ṣe ọ̀kàndínlógún rí níbí. Mo bi gbogbo wọn, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Ta ni, sà?”

Ọdún mẹ́tàlélógún ni Ferris ti ń retí kí ẹnì kan bi òun ní ìbéèrè yìí. Orúkọ ara rẹ̀ dé ètè rẹ̀, ìtìjú sì dá a padà.

“Ó ti pẹ́,” ló wí. “Mi ò rántí orúkọ ẹ̀ mọ́.”

Ó wá fi aṣọ ìnura gbígbóná bo ọmọ náà lójú, kó má baà rí ojú òun.