Ọmọ Olórin Tí Kò Lè Kọrin

Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mọ́kànlá ní Òkìtìpupa, ọ̀fun ń dùn mí lójoojúmọ́. Irọ́ ni, ṣùgbọ́n irọ́ náà ṣe mí láǹfààní fún nǹkan bí ọdún mẹ́ta.

Olórin ni bàbá mi. Gìtá ló ń ta, èdè Ìkálẹ̀ ló sì fi ń kọrin. Láti Òde-Ayé títí dé Akótógbò, ó ṣòro kí ẹ wọ ilé kan nígbà náà kí ẹ má bá kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ níbẹ̀. Àwòrán rẹ̀ wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kan lẹ́bàá ọjà, láàárín àwòrán oríṣiríṣi irun tí ó ń gẹ̀. Àwọn kan á nàka sí àwòrán bàbá mi pé irú ìyẹn ni kí ó gẹ̀ fún àwọn, bẹ́ẹ̀ fìlà ni bàbá mi dé nínú àwòrán ọ̀hún.

Nítorí náà, kò sẹ́ni tó ń pe orúkọ mi. "Ọmọ olórin" ni gbogbo wọn ń pè mí. Bí wọ́n bá rán mi ní iyọ̀, ẹni tó ń tà á á kọ́kọ́ di ọ̀rá iyọ̀ náà mú.

"Kọ díẹ̀ ká gbọ́ ná."

Èmi á wúkọ́. "Ẹ má bínú, mà, ọ̀fun ń dùn mí."

Wọ́n á kí mi pẹ̀lẹ́, wọ́n á sì fún mi ní orógbó kan pé kí n máa jẹ ẹ́ lọ. Mo jẹ orógbó nígbà náà débi pé bí wọ́n bá fún mi ní àádùn, kíkorò ló ń korò lẹ́nu mi.

Ohun tí mo ń fi pamọ́ ni pé n kò lóhùn. Kì í ṣe pé ohùn mi kò dùn tó ti bàbá mi o. Bí mo bá la ẹnu láti kọrin, ohun tó ń jáde máa ń ba èmi fúnra mi lẹ́rù. Mo dán an wò lẹ́ẹ̀kan nínú balùwẹ̀, àbúrò ìyá mi sì sáré wá kan ilẹ̀kùn. Ó ní, "Ṣé o ṣubú ni?"

Ìyá mi mọ̀. Epo pupa ló ń tà, kì í sì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Lọ́jọ́ kan tí mò ń fọ abọ́ tí mo sì ń kùn yùn-ùn, ó wò mí títí, ó ní, "Má jẹ́ kí bàbá rẹ gbọ́ o. Jẹ́ kó máa yọ̀ lọ." Bàbá mi ní tirẹ̀ gbà pé ohùn mi ń bọ̀ lọ́nà. "Tèmi náà pẹ́ kó tó dé," ni ó máa ń wí fún àlejò, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti Òrè.

Nígbà tí mo wọ ilé-ẹ̀kọ́ girama, tíṣà kan dé láti ìhà Ọ̀yọ́. Òun ló ń kọ́ wa ní Yorùbá, òun ló sì ń darí ẹgbẹ́ akọrin. Bí a bá ń sọ Ìkálẹ̀ láàárín ara wa, kò yé e, á ní ká tún un sọ bí èèyàn. Síbẹ̀ ó fẹ́ràn orin bàbá mi gan-an, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdajì ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ń ré kọjá lórí rẹ̀. Ọjọ́ tó gbọ́ ọmọ ẹni tí mo jẹ́, kò dán mi wò rárá. Ó fi mí sí iwájú, láàárín gbùngbùn.

Báyìí ni mo ṣe di akọrin tí kì í kọrin. Mò ń la ẹnu, mò ń pa á dé, mò ń dijú níbi tí orin bá ti ga, mo sì ń mi orí díẹ̀ bíi ti bàbá mi. Àwọn ọ̀rẹ́ mi méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi mọ̀, wọ́n sì ń pariwo orin kíkankíkan láti bò mí. Ní òpin sáà, tíṣà fún mi ní ìwé kan, ẹ̀bùn ẹni tí ohùn rẹ̀ tutù jù lọ. Ó tutù lóòótọ́.

Òde-Ayé ni àṣírí ti tú. Ṣọ́ọ̀ṣì kan níbẹ̀ ń ṣe ìkórè, wọ́n sì pe bàbá mi kó wá kọrin fún wọn. Èmi àti ìyá mi pẹ̀lú àwọn onígìtá ṣáájú lọ láàárọ̀. Bàbá mi ní òun fẹ́ yà kí ẹnì kan ní Igbódìgò ná. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ rẹ̀ ti kọṣẹ́. A ò mọ̀, kò sí fóònù alágbèéká nígbà náà. A dúró títí. Wọ́n ta iṣu tán, wọ́n ta ògẹ̀dẹ̀ tán, wọ́n sì ta àkùkọ kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀mejì. Ni bàbá ìjọ bá dìde, ó wojú mi, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Bí ẹkùn ò bá tíì dé," ó ní, "ọmọ ẹkùn ńkọ́?"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Màmá àgbàlagbà kan tó jókòó níwájú ní, "Ẹ fún un lómi." Wọ́n fún mi lómi. Mo mu ún tán, wọ́n sì gbé maiki lé mi lọ́wọ́. Mo wo ìyá mi. Ilẹ̀ ló ń wò.

Èyí tí gbogbo ayé mọ̀ jù nínú orin bàbá mi ni mo dá, nítorí mo rò pé wọ́n á bá mi gbè é, ohùn wọn á sì bo tèmi. Wọn ò gbè é. Èmi ni wọ́n fẹ́ gbọ́. Onígìtá àkọ́kọ́ wá mi lọ sókè, kò bá mi níbẹ̀. Ó wá mi wá sílẹ̀, mo ti kúrò. Ọmọ ọwọ́ kan bú sẹ́kún, igbe tirẹ̀ sì bá gìtá mu ju orin mi lọ.

Ẹsẹ kejì ni mo wà nígbà tí mo rí bàbá mi lẹ́nu ọ̀nà. Ó mú fìlà rẹ̀ lọ́wọ́, epo ọkọ̀ sì wà lára agbádá rẹ̀. N kò mọ ìgbà tó ti dúró síbẹ̀. Mo fẹ́ dákẹ́, ó juwọ́ sí mi pé kí n má dákẹ́. Ó rìn wá síwájú, ó dúró tì mí, ó sì bá mi gbé orin náà níbi tí mo gbé e sí gan-an, pẹ̀lú gbogbo wọ́gọwọ̀gọ rẹ̀. Bí mo bá yà, ó bá mi yà. Bí mo bá já bọ́, ó bá mi já bọ́. Gbogbo ìjọ kọ́kọ́ ń wo ara wọn. Lẹ́yìn náà ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín, ni wọ́n bá rò pé eré tí bàbá àti ọmọ ti jọ gbìmọ̀ rẹ̀ láti ilé ni. Wọ́n jó. Màmá tó ní kí wọ́n fún mi lómi ló jó jù.

Nígbà tí à ń padà lọ sílé, bàbá mi wa ọkọ̀ títí a fi jáde ní ìlú.

"Ọma mi," ó ní, bí àwa ará Ìkálẹ̀ ṣe ń pe ọmọ wa, "láti ìgbà wo?"

"Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni, Bàbá."

"Ìyá rẹ mọ̀?"

Ìyá mi di ojú, ó ní òun ń sùn.

Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi dá ọkọ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Èmi ń sunkún lẹ́yìn. Ti ṣọ́ọ̀ṣì kọ́ ló ń dùn mí. Ohun tó ń dùn mí ni pé ó ti ń retí ohùn mi látọjọ́ yìí, mo sì mọ̀ pé kò sí ohùn kankan tó ń bọ̀. Inú wá bí mi díẹ̀.

"Kì í ṣe èmi nìkan ni mo ṣìnà lónìí," mo wí. "Ohùn okùn kan lára gìtá kejì ti wálẹ̀ láti àárọ̀, kò sì sẹ́ni tó bá a wí."

Ẹ̀rín rẹ̀ dá. "Okùn wo?"

"Ìkẹta."

Lọ́jọ́ kejì, ó pe àwọn onígìtá sábẹ́ igi máńgòrò iwájú ilé wa, ó ní kí n kẹ́yìn sí wọn. Wọ́n ń yí okùn, ọ̀kan lọ sókè díẹ̀, òmíràn wá sílẹ̀, èmi sì ń sọ èyí tí wọ́n fọwọ́ kàn. Onígìtá kejì, tó ti ń ta gìtá kí wọ́n tó bí mi, ní mò ń yọjú wò ni. Wọ́n fi ìborùn ìyá mi dì mí lójú. Mo tún ń sọ ọ́. Nígbà tó yá, ó gbé gìtá rẹ̀ sílẹ̀.

"Ọ̀gá," ó ní, "ọmọ yìí máa kó bá wa o."

Mo kó bá wọn lóòótọ́. Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá ń ṣe ìdánrawò, ẹ̀gbẹ́ ańpù tí ohùn gìtá ń gba inú rẹ̀ jáde ni mò ń jókòó sí, tí mò ń ní, "Ẹ fà á sókè díẹ̀ sí i, Bọ̀dá." Onígìtá kejì á fà á, ojú rẹ̀ á sì le. Mo lọ jẹ́wọ́ fún tíṣà mi náà, mo sì dá ìwé rẹ̀ padà. Ó ṣí i wò, ó ní kí n mú un lọ, pé òun ti kọ orúkọ mi sí i. Ó wá ní kí n máa tọ́ka sí ẹni tó bá ń ṣìnà nínú ẹgbẹ́ akọrin. Àwọn ọ̀rẹ́ mi méjèèjì ni mo kọ́kọ́ tọ́ka sí. Wọn ò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko.

Lẹ́yìn ìwé mẹ́wàá, mo lọ sí Àkúrẹ́ láti kọ́ iṣẹ́ gbígba orin sílẹ̀. Ọ̀gá mi kò rí obìnrin nídìí iṣẹ́ náà rí, ó sì kọ́kọ́ rò pé olórin ni mo fẹ́ dà. Mo kọ ìlà orin kan fún un, ó sì gbà mí lójú ẹsẹ̀.

Ní ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, bàbá mi wá gba orin tuntun sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Mo wà nídìí ẹ̀rọ, òun wà lẹ́yìn gíláàsì. Ó kọ ọ́ títí dé àárín, ohùn rẹ̀ sì wálẹ̀ díẹ̀, bí fọ́nrán irun kan báyìí. Mo tẹ bọ́tìnì.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ tún un kọ."

Gbogbo wọn wò mí. Onígìtá kejì rẹ́rìn-ín, ó jọ pé ó ti ń retí ọjọ́ yẹn tipẹ́. Bàbá mi yọ ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ tó dé sétí, ó tún un dé, ó sì tún un kọ. Mo tún tẹ bọ́tìnì. Ìgbà kẹrin ni mo tó jẹ́ kó lọ.

Nígbà tí a jáde lọ jẹ bọ̀ọ̀lì àti ẹ̀pà lẹ́bàá títì, ó jẹun díẹ̀, ó ní, "Ṣùgbọ́n ẹlẹ́ẹ̀kejì yẹn, kò ha dára?"

"Kò dára, Bàbá."

Ó bọ ẹ̀pà sẹ́nu, ó ń rún un, ó ń wo àwọn ọkọ̀ tó ń kọjá. "Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ńkọ́?"

"Ẹ jẹ bọ̀ọ̀lì yín kó tó tutù, sà."