Àwọn Ọmọlangidi Inú Ọ́fíìsì

Nígbà tí wọ́n gbé mi láti Ọ̀wọ̀ lọ sí abúlé kan lọ́nà Ìmèrì pé kí n máa kọ́ àwọn ọmọ jẹ́léósinmi ìjọba níbẹ̀, ohun tí mo kọ́kọ́ fẹ́ mọ̀ ni ìdí tí wọn kì í fi jókòó jẹ́ẹ́. Bí mo bá ti kọjú sí pátákó, wọ́n á ti yọ́ jáde. Abẹ́ fèrèsé ọ́fíìsì ọ̀gá wa ni mo ti máa ń bá wọn, ọ̀kan á gun ẹ̀yìn èkejì.

Kí ni wọ́n ń wò? Lọ́jọ́ kan, èmi náà yọjú. Háà! Ọmọlangidi, mọ́tò oníke, bọ́ọ̀lù aláràbarà, gbogbo rẹ̀ wà lórí àga nínú ọ̀rá tí ìjọba fi kó wọn wá. Ní kíláàsì tèmi, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ la ń jókòó, ìkarahun ìgbín la fi ń ṣeré.

Ọmọbìnrin kékeré kan tí àwọn òbí rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nínú oko kòkó olóko fà mí láṣọ.

“Àǹtí, ṣé wọn ò tíì jí ni?”

“Àwọn wo?”

“Àwọn ọmọ yẹn. Oorun ni wọ́n ń sùn ṣáá.”

Mo wọlé tọ ọ̀gá wa lọ, obìnrin àgbà tí ìfẹ̀yìntì rẹ̀ kù díẹ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ló dé tí a ò kó àwọn ohun ìṣeré yẹn fún àwọn ọmọ?”

Ó mí kanlẹ̀. “Bí wọ́n bá bà á jẹ́ ńkọ́? Bí aláyẹ̀wò ilé ẹ̀kọ́ tí ìjọba ń rán bá dé, yóò ní mo ti tà á ni. Ṣé o rò pé wọ́n á tún fún wa ní òmíràn?”

Ẹ̀rù ló ń bà á, kì í ṣe ahun. Mo wá sọ ohun tí ọmọ náà bi mí fún un. Ó ní kí n pè é wá.

Ọmọ náà wọlé, ó kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n orí àga ni ojú rẹ̀ wà. Ọ̀gá fọwọ́ ara rẹ̀ ya ọ̀rá, ó gbé ọmọlangidi kan lé e lọ́wọ́.

“Ìwọ fúnra rẹ, jí i.”

Ọmọ náà gbé etí lé àyà ọmọlangidi náà, ó wo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, ó ní, “Ebi ń pa á.”

Ọ̀gá ní kí n kó ìyókù lọ sí kíláàsì. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, ọmọlangidi kan ti já lápá. Nígbà tí aláyẹ̀wò dé, ó gbé e, ó yí i síwá sẹ́yìn.

“Ta ló ṣe èyí?”

“Àwọn ọmọ ni, sà,” ọ̀gá wa dáhùn. “Wọ́n ń fi ṣeré.”

Ó wo kíláàsì tó kún, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. “Níbi tí mo ti ń bọ̀, inú ọ̀rá ni tiwọn ṣì wà.”

Kò bá wa wí. Kò sì fi òmíràn ránṣẹ́. Àkísà la fi rán apá tuntun fún ọmọlangidi náà.